Ẹnu Tó Pa Sájẹ́ńtì Tìjání

Mùtíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ẹní ìrun Àsùbáà ni Hàwáwù ará ilé wọn já wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó káwọ́ lérí, ó sì figbe ta. Ó ní yéè, Bàbá Sájẹ́ńtì ti lọ, ó ní irú ikú wo lèyí tí ò jẹ́ kí wọ́n tiẹ̀ gbọ́ pé ara wọn ò yá. Kí Mùtíátù tó bi í pé kí ló dé, ó ti dì mọ́ ọn lọ́rùn, omijé sì ń bọ́ sí i léjìká. Ariwo yẹn ló jí gbogbo agbo ilé, àwọn mìíràn fi pákó sẹ́nu sáré dé. Ní Ẹnu Ọwá, níbi tí ògiri ilé kan ti fara ti ti èkejì, ẹkún ẹnì kan kì í pẹ́ di ti gbogbo àdúgbò.

Ọkọ Mùtíátù ni wọ́n ń sunkún rẹ̀ yẹn o. Ọkọ náà rèé, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, tó jókòó níwájú Mùtíátù tó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì tí ó gbé lọ fún un, tó sì ń ráhùn pé iyọ̀ inú ẹ̀wà náà ò tó. Òkú wo ló ń ráhùn iyọ̀? Ṣùgbọ́n Mùtíátù ò lè la ẹnu sọ ọ́, nítorí bó bá sọ pé òun rí i lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn á bi í pé níbo. Ibi tí ó ti rí i kì í ṣe ibi tí ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé yẹn gbọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni.

Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí Sájẹ́ńtì Tìjání ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan ní Marina lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Àwọn olè kó aṣọ níbẹ̀, olówó ẹrù ní ọdẹ mọ̀ sí i, àwọn ọlọ́pàá sì mú un. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti gbé ẹjọ́ ọ̀hún dé iwájú adájọ́, wọn á tún sún un síwájú. Ohun tí Mùtíátù sọ fún ará ilé ni pé ọkọ òun lọ tún ilé bàbá rẹ̀ kọ́ ní Ìsẹ́yìn. Lójú tirẹ̀, ó sàn kí wọ́n pe ọkọ òun ní ará oko ju kí wọ́n pè é ní ẹlẹ́wọ̀n lọ.

Nígbà tí Hàwáwù rí èémí gbà, ó ṣàlàyé. Ó ní òun gba gbọ̀ngàn tó wà ní Marina kọjá lánàá, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn ológun àtijọ́ wò kí wọ́n lè mọ àwọn tó ṣì wà láyé nínú àwọn tó ń gba owó pẹ́ńṣọ̀n. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri. Òun ní kí ọkùnrin kan ka orúkọ àwọn tó ti di olóògbé fún òun, ẹni keje tí ọkùnrin náà sì kà ni Tìjání, Sájẹ́ńtì, Ìsẹ́yìn. Kí ni ìyá oníbùbá yìí, tí ò ṣe iṣẹ́ ológun rí, wá lọ ń wá nídìí ìwé àwọn òkú ológun? Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹkún ò jẹ́ kí wọ́n ráyè ìbéèrè.

Kò pẹ́ tí Àlàájà Àṣàbí, tó dàgbà jù nínú agbo ilé, fi gbé aṣọ dúdú kan dé. Ó ní kí Mùtíátù jókòó sórí ẹní, kó fẹ̀yìn ti ògiri, opó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan títì. Ẹnì kan lọ pe ààfáà. Ẹnì kan gbé ìkòkò epo ka iná, ó ní òun fẹ́ dín àkàrà sàráà. Àánú pọ̀ lójú wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìwádìí ni ò sí. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, wọ́n ti sọ obìnrin tó lọ́kọ láyé di opó, àfi bíi pé wọ́n ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Àárín èyí ni Afusat, ọmọ wọn obìnrin, ti ẹ̀yìnkùlé wọlé láti ibi tó ti ń wẹ̀, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Akọ̀wé tó ń tẹ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Igbósẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó bèèrè pé ta ló kú. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ni. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ni Afusat bá fà á lọ́wọ́ wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú síta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Mùtíátù ti gbé ìwé ọkọ rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn náà. Èrò pọ̀, gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Akọ̀wé tó ń gba ìwé, Bọ́lájí lorúkọ rẹ̀, bi í pé Bàbá ńkọ́. Mùtíátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ohùn kékeré dáhùn pé, wọn ò sí. Akọ̀wé ní háà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó sì bi í pé láti ìgbà wo. Mùtíátù ní ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́sàn-án. Ó bi í pé níbo. Mùtíátù ní Ìsẹ́yìn. Akọ̀wé mi orí, ó kọ̀wé, ó ní Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Obìnrin yìí sì ṣe àmín! Ó rò pé ó ń ṣàdúrà ìrìn àjò fún ọkọ òun ni. Ó tẹ àtàńpàkò sí ìwé tí ò lè kà, ó dúpẹ́, ó sì lọ sílé.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Afusat, kí inú tó bí i. Ó ní ṣé ìyá òun ò lè sọ pé wọn ò sí nílé ni. Mùtíátù ní ohun tí òun sọ náà nìyẹn, wọn ò sí, àbí wọ́n wà ńbẹ̀?

"Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n, Màámi," ni Afusat wí. "Ẹnu lẹ fi pa wọ́n."

Mùtíátù ò bínú sí ọmọ náà. Ó rọra jókòó sétí ibùsùn. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí ọkọ tìrẹ bá dé ibi tí bàbá rẹ wà, wàá mọ bí ẹnu ṣe ń wúwo." Afusat mọ bí ó ṣe ń wúwo. Òun fúnra rẹ̀, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Igbósẹ̀rẹ̀ bá bi í, Ìsẹ́yìn lòun náà máa ń sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n lè jókòó máa káàánú ara wọn nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n máa parí àyẹ̀wò náà ni. Bó bá ti di agogo méjì ọ̀sán, wọn á di gbogbo ìwé náà sínú àpótí, wọn á kó o lọ sí orílé-iṣẹ́, òkú tó bá sì bá ìwé yẹn lọ, ó di kó jíǹde láàárín ọ́fíìsì méjìlá. Owó pẹ́ńṣọ̀n ọ̀hún sì ni lọ́yà Afusat ń retí. Ó ti ṣèlérí pé bó bá ti jáde, òun á gba ẹjọ́ Sájẹ́ńtì, òun á sì bẹ adájọ́ kó jẹ́ kí wọ́n gba béèlì rẹ̀. Bí orúkọ náà bá kú, ẹjọ́ náà kú, ọkùnrin náà á sì máa jẹ ẹ̀wà aláìníyọ̀ títí Ọlọ́run á fi dá sí i.

Afusat ní kí ìyá òun lọ jókòó sórí ẹní kó máa ṣọ̀fọ̀ lọ, òun á sáré dé ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ gba ìwé pé bàbá òun wà láàyè. Ó sọ fún ará ilé pé òun fẹ́ lọ ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì ń kí i kú ìrọ́jú bó ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ẹ wo ọ̀fọ̀ ní ọjọ́ yẹn! Ọkùnrin tí kì í kí Sájẹ́ńtì láàárọ̀ ló kọ́kọ́ jókòó, tó ní irú ènìyàn dáadáa bẹ́ẹ̀ ò ní sí mọ́. Obìnrin tó bá a jà nídìí omi ẹ̀rọ, tó pè é ní ológun tó ti gbó, ní bí ẹ̀gbọ́n lòun ṣe mú un. Mùtíátù fi aṣọ dúdú bojú, ó ń gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ò níyì tó báyìí rí láyé rẹ̀. Ebi sì ń pa á, òórùn àkàrà ń gbá a nímú, bí wọ́n sì ti gbé àwo dé iwájú rẹ̀, ó jẹ mẹ́rin kí ó tó rántí pé òun ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Hàwáwù gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó ní ìbànújẹ́ ló ń jẹun.

Ìgbà tí ààfáà dé lọ̀rọ̀ wá le. Ó tẹ́wọ́ àdúrà, ó ní kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ Tìjání, kí ó fẹ sàréè fún un. Gbogbo ilé ṣe àmín. Mùtíátù pa ètè pọ̀. Ó ti ṣe irú àmín yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní í ṣe é mọ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, wọ́n sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n ní kó má fi ara rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ṣì lọ́mọ láyé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé inú ló ń bí i, pé ẹnu ara rẹ̀ ló ń bínú sí.

Agogo kan ti lé díẹ̀ nígbà tí Afusat padà dé, òógùn ti mu aṣọ rẹ̀, ó di bébà mọ́ àyà. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ sétí ìyá rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀. Ọ̀gá wọ́dà kan tó ń jẹ́ Ṣéhù ló bá pàdé lẹ́nu géètì. Ṣéhù kọ́kọ́ ní ọjọ́ ìbẹ̀wò kọ́ nìyẹn, kó máa lọ. Ìgbà tí Afusat ṣàlàyé pé bàbá òun ti kú nínú ìwé ìjọba, tó sì jẹ́ pé ẹnu ìyá òun ló pa á, Ṣéhù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ lọ pe Tìjání wá. Bí Tìjání ṣe gbọ́, ó nà ró ṣánṣán, ó lu ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣe sàlúù fún Ṣéhù, ó ní, "Dead body dey report for duty, sah." Afusat ní láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, òun ò rí ẹ̀rín lẹ́nu bàbá òun àfi lónìí. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n fọwọ́ sí ìwé, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, Tìjání sì kọ nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ láìwo ibì kankan.

Àyà Mùtíátù fúyẹ́, ó fẹ́ fò. Ṣùgbọ́n Afusat di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní òun ti gba gbọ̀ngàn yọ kí òun tó wálé. Akọ̀wé Bọ́lájí ní ìwé náà dára, àmọ́ ẹni tó tẹ àtàńpàkò pé ó kú ló gbọ́dọ̀ wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò kú. Bí kò bá dé kí agogo méjì tó lù, àpótí á ti padé.

Mùtíátù dìde lórí ẹní. Bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀, Àlàájà Àṣàbí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà ní kí ló ń wá, ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé òun ò rí opó tó ń jáde sí títì lọ́jọ́ kìíní, kó má kó èèwọ̀ bá ilé. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà á láṣọ. Afusat wo ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí irọ́ kankan mọ́ tó lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá.

Mùtíátù bọ́ aṣọ dúdú léjìká.

"Àlàájà, èmi kọ́ ni opó. Ọkọ mi wà láyé. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà. Gbọ̀ngàn ni mò ń sáré lọ, kí wọ́n tó tì í."

Epo inú ìkòkò àkàrà nìkan ló ń dún. Ẹnì kan tó ti já àkàrà sẹ́nu ò mọ̀ bóyá kó gbé e mì ni àbí kó tu ú. Ààfáà wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi ṣàdúrà. Àlàájà Àṣàbí gba aṣọ dúdú náà, ó ká a sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé Mùtíátù fẹ́ kí ilẹ̀ la kó gbé òun mì. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè ni.

"Agogo mélòó ni wọ́n ń tì í?"

Afusat ní agogo méjì.

"Kí lẹ wá dúró ń wò?" ni Àlàájà wí.

Hàwáwù ló kọ́kọ́ gbé bàtà. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣètò rẹ̀, gbogbo àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ ti bọ́ síta, obìnrin mẹ́wàá ó lé, àwọn mìíràn ṣì fi ìborí ọ̀fọ̀ bo orí, wọ́n ń sáré wọ́n ń rìn. Wọ́n gba Ìdúmọ̀tà, wọ́n já sí Balógun, wọ́n ń ti àwọn oníbàárà sọ́tùn-ún sósì. Àwọn tó wà ní títì ń bi wọ́n pé ìyàwó lẹ ń sìn ni àbí òkú, Hàwáwù sì ń dá wọn lóhùn pé òkú ló jí, kí wọ́n yàgò lọ́nà. Èémí ò tó Mùtíátù mọ́, ẹsẹ̀ ń dùn ún, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn débi tí kò lè sọ. Láti oṣù mẹ́sàn-án, ọjọ́ kìíní rèé tí ó ń rìn ní ìgboro láìwẹ̀yìn.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjì lù nígbà tí wọ́n wọ gbọ̀ngàn. Àwọn ológun àtijọ́ to sórí ìjókòó, wọ́n dé fìlà iṣẹ́ wọn àtijọ́, ọ̀pá sì wà lọ́wọ́ àwọn kan. Bọ́lájí ti ń so àpótí kan. Ó rí Mùtíátù, ó gbé gègé sọ́wọ́, ó sì béèrè lóhùn gíga, nítorí bí iṣẹ́ ṣe wí nìyẹn, pé kí lẹ sọ fún mi níjọ́sí, mà.

"Mo ní wọn ò sí."

"Kí lẹ fẹ́ sọ báyìí?"

Gbogbo ojú ti yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n wà." Akọ̀wé ní níbo. Ó ní, "Lọ́gbà ẹ̀wọ̀n," kò sì dín ohùn rẹ̀ kù.

Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó gbé ìdì bébà kan lé orí tábìlì, okùn ṣì wà lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe so ó láti ibi ìtẹ̀wé, eruku sì bò ó. Ó ní fọ́ọ̀mù àwọn tó wà lẹ́wọ̀n rèé. Ó ní ẹ̀wọ̀n kì í gba pẹ́ńṣọ̀n lọ́wọ́ ológun, ńṣe ni ẹ̀ṣọ́ ọgbà á kàn jẹ́rìí sí i, pàápàá ẹni tí adájọ́ ò tíì dá lẹ́bi. Láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè rẹ̀.

Àlàájà Àṣàbí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ lẹ orúkọ àwọn òkú mọ́ ògiri, ẹ wá ti ìwé àwọn alààyè mọ́ inú dúrọ́ọ̀?"

Bọ́lájí wo ìdì bébà náà. Ó tú okùn, ó fa ẹyọ kan yọ, ó fi gègé pupa fa ìlà gba orí ikú Tìjání nínú ìwé ńlá, ó sì kọ nọ́ńbà tí Tìjání fúnra rẹ̀ kọ. Mùtíátù tẹ àtàńpàkò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí Afusat kọ́kọ́ kà á fún òun, láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá ológun kan tó wà níwájú lu ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní káàbọ̀ o, Tìjání, gbogbo gbọ̀ngàn sì pariwo, Afusat ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mùtíátù yíjú wá Hàwáwù kí wọ́n jọ dúpẹ́. Hàwáwù ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti wà nídìí ògiri, níbi tí wọ́n lẹ ìwé àwọn òkú mọ́, ó na ìka sí orúkọ kan tí ò lè kà ṣùgbọ́n tó ti mọ ibi tí ó wà. Ẹni kejìlá ni. Wàsíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jagun bíi Tìjání, tí gbogbo agbo ilé mọ̀ pé ó ń ṣòwò ní Kútọ̀nú. Mùtíátù wá mọ̀ pé Kútọ̀nú Wàsíù kò yàtọ̀ sí Ìsẹ́yìn Tìjání, ó sì mọ ohun tí obìnrin yìí ń wá níbẹ̀ lánàá. Ó mọ̀ pé ẹkún àárọ̀ yẹn kì í ṣe ti ọkọ òun nìkan.

Ó lọ mú Hàwáwù lọ́wọ́, ó sì mú un wá síwájú tábìlì. Bọ́lájí wo aago ara ògiri, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fa fọ́ọ̀mù kejì yọ nínú ìdì.

Ó ní, "Bàbá ńkọ́, mà?"

"Wọ́n wà," ni Hàwáwù wí, kò sì dúró kí ó bi òun pé níbo.